Mo Wẹ̀ Wọ́n, Mo sì Pa Ẹnu Mọ́

Bí o bá jẹ́ obìnrin, tí ọwọ́ rẹ kan nǹkan líle kan nínú ọmú rẹ níbi tí o ti ń wẹ̀, tí o sì ń sọ fún ara rẹ pé kò kúkú dùn ọ́, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Orúkọ mi ni Ràfátù. Ìyá Mọ́rúfù ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn. Òwú ni mo ń tà fún àwọn tó ń hun aṣọ òkè, ahunṣọ sì ni ọkọ mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí wọ́n fi mọ̀ mí ju òwú lọ: èmi ni mo máa ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí ládùúgbò wa. Jẹjẹrẹ ọmú ṣe mí, mo sì wà láàyè. Àbúrò mi tí irú rẹ̀ ṣe kò sí láyé mọ́, ọwọ́ mi sì wà nínú ikú rẹ̀. Mo sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ kó má di pé mo tún ń fi nǹkan pa mọ́, torí fífi nǹkan pa mọ́ ló kó mi sí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi ní iṣẹ́ òkú wíwẹ̀. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ́ òkú sórí pákó, bí a ṣe ń da aṣọ bò ó kí ìhòòhò rẹ̀ má hàn, bí a ṣe ń fi aṣọ wé ọwọ́ kí a tó fọ abẹ́ rẹ̀, àti bí káńfọ̀ ṣe ń wọ inú omi ìkẹyìn. Ó kọ́ mi ní nǹkan méjì mìíràn tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Àkọ́kọ́ ni pé àmánà ni ara òkú, ohun tí wọ́n fi síni níkàáwọ́. Ohun tí a bá rí níbẹ̀, ìbáà jẹ́ egbò, ìbáà jẹ́ àpá, a kò gbọdọ̀ gbé e jáde. Ẹni tó bá bo àṣírí òkú, Ọlọ́run yóò bo tirẹ̀ lọ́jọ́ àlùkìyámà. Ìkejì ni pé òkú mọ ẹni tó ń wẹ òun. Ó ní ẹ̀mí tó jáde kì í tètè lọ jìnnà, pé ó ń wo ọwọ́ wa, ó ń gbọ́ ohùn wa. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí sàréè, ó mọ àwọn tó gbé e. Bí wọ́n bá bo erùpẹ̀ tán, ó ń gbọ́ ìró bàtà àwọn tó ń padà sílé, lẹ́yìn náà ni málàíkà méjì yóò wá bi í ní ìbéèrè. Nítorí èyí, mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Màá ní, "Ẹ má bínú, omi yìí ti fẹ́ tutù." Màá ní, "Ẹ jẹ́ kí n yí yín sí ẹ̀gbẹ́ òsì báyìí." Àwọn kan máa ń fi mí rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí sí òkú Ìyá Wàídì, aládùúgbò wa. Inú rírun ni gbogbo ayé mọ̀ pé ó ń ṣe é. Nígbà tí mo tú aṣọ tó fi di àyà, mo rí ohun tó ń pa mọ́. Ọmú rẹ̀ òsì ti le bí pákó, awọ rẹ̀ ti sún kì, ojú egbò kan sì wà níbẹ̀ tó ti fi àkísà dí. Obìnrin tó ń bu omi fún mi wo ojú mi, èmi náà wo ojú rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Níta, ọkọ olóògbé ń sọ fún àwọn èèyàn pé ayé ló ṣe ìyàwó òun. Nígbà tí mo jáde, mo ní ó mọ́, pé kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Gbogbo wọn ní àlùhámúdùlíláì. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mo ti jẹ́ olóòótọ́.

Ọdún kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni àbúrò mi, Mùlíkátù, wá láti Òfìkì níbi tó ti lọ́kọ. Ìyá kan, bàbá kan ni wá, mo sì fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú. Èmi ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà ní ìkókó, torí ara ìyá wa kò yá lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Èmi náà ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e lọ ilé ọkọ, tí ó ń sunkún tí mo ń fi omi ta á lójú pé kó dákẹ́. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ó gbé èlùbọ́ wá fún mi. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá tí mo ń kó òwú sí, ó bọ́ bùbá, ó sì fa ọwọ́ mi sí ọmú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ kàn án wò."

Mo fọwọ́ kàn án. Mo ní, "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò dùn mí rárá. Ìyẹn gan-an ni n kò ṣe kọ́kọ́ kà á sí."

"Látìgbà wo?"

"Látìgbà tí a ti ń gbin àgbàdo." Ó wá wò mí lójú. "Ẹ̀yin lẹ máa ń rí ara àwọn obìnrin tó kú. Ṣé ẹ ti rí irú èyí rí?"

Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kó tó béèrè. Mo ní, "N ò rí i rí."

Mo ti wá ìdí tí mo fi parọ́ yẹn títí. Ọkọ Mùlíkátù àti Ìyá Wàídì jọ tan. Bí mo bá sọ ọ́, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Òfìkì ni yóò gbọ́ pé ọmú Ìyá Wàídì ti rà kó tó kú, èmi tí mo gba àmánà rẹ̀ ni yóò sì jẹ́ ẹni tó tú u. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Òótọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé bí mo bá pe orúkọ àrùn náà, yóò di tiwa. Mo sọ fún un pé wàrà ọmú tó dì ni, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti gba ọmú lẹ́nu ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn. Mo fún un ní òrí pé kó máa fi pa á. Mo tún ní, "Má fi han ẹnikẹ́ni o, kí wọ́n má lọ sọ ọ́ di nǹkan mìíràn." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ara rẹ̀ fúyẹ́ nígbà tó ń lọ, mo rí i nínú ìrìn rẹ̀ bó ṣe ń sọdá lọ síbi tí ọkọ̀ wà.

Mùlíkátù kì í ṣe alágídí. Ohun tí mo bá sọ ló máa ń ṣe. Ó fi pa mọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó fi pa mọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Lẹ́yìn náà ó ń wú ikọ́, kò lè mí dáadáa mọ́. Wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣakí ni ó dákẹ́.

Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní bóyá kí ẹlòmíràn ṣe é nítorí ọmọ ìyá mi ni, mo kọ̀. Mo tú aṣọ àyà rẹ̀, mo rí ohun tí mo rí lára Ìyá Wàídì, èyí tilẹ̀ burú jù ú lọ. Òórùn òrí tí mo fún un ṣì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀, ohùn mi kò jáde. Mo mọ̀ pé ó wà nínú yàrá yẹn, pé ó ń wo ọwọ́ tó wẹ̀ ẹ́ ní ìkókó, ọwọ́ kan náà tí mo fi kàn án kí n tó ní kò sí nǹkan. Nígbà tí mo jáde, ọmọ rẹ̀ àgbà, Básírátù, tó ń gbé ní Ṣakí, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Màmá Ìsẹ́yìn, kí lẹ rí lára ìyá mi?"

Mo ní, "Ó mọ́. Ojú rẹ̀ ń dán."

Àwa obìnrin kì í tẹ̀lé òkú dé sàréè. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ ní méjìméjì, mo sì mọ̀ pé òun náà ń gbọ́ wọn lábẹ́ ilẹ̀ níbi tó wà. Mo ronú sí àwọn málàíkà méjèèjì tó ń bọ̀ wá bá a. Ìbéèrè tiwọn kò bà mí lẹ́rù fún un, ó mọ ìdáhùn. Ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé dè mí ló bà mí lẹ́rù.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún yẹn, mò ń wẹ̀ fún ìrun Jímọ̀ ni ọwọ́ mi kan tèmi. Ọmú ọ̀tún ni. Kò ju hóró ẹ̀pà lọ, kò sì dùn mí. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó ti dé. Mi ò sunkún, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ó tọ́ sí mi. Fún oṣù mẹ́rin mo ń tà, mo ń rà, mo ń wẹ òkú, mo ń pa àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi lẹ́rìn-ín. Mo lọ ra aṣọ funfun tí wọn yóò fi wé mi, mo fi káńfọ̀ sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ kí n tó lò ó. Ọkọ mi ń wá fìlà nínú àpótí lọ́jọ́ kan, ó sì fa aṣọ náà jáde.

Ó ní, "Ìyá Mọ́rúfù, ta ló kú?"

Mo ní, "Kò tíì kú."

Ó wo aṣọ, ó wò mí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá Mọ́rúfù, kì í pariwo. Ó jókòó sórí àpótí náà, ó ní òun kò ní dìde níbẹ̀ títí n ó fi sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ara mi fún un lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ ti Mùlíkátù.

Ní ilé ìwòsàn Ìsẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n kọ ìwé lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ sí Ìbàdàn. A máa ń kúrò nílé lẹ́yìn ìrun àárọ̀, síbẹ̀ a óò bá èèyàn rẹpẹtẹ níwájú wa. Orí bẹ́ǹṣì ni a ó ti máa sún díẹ̀díẹ̀, bí ẹnì kan bá wọlé, àwa tó kù yóò gbé ìdí. Àwọn obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń da ìborùn bo àyà bí Ìyá Wàídì, mo sì ń fi ojú ka iye wọn. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà, ọmọdébìnrin tí n bá bí, pè é ní jẹjẹrẹ láì fi bò. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, ìyá, ẹ tètè wá. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Mùlíkátù náà tètè wá. Ọ̀dọ̀ mi ló wá.

Nígbà tí ilé gbọ́, oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin gbé ìkòkò àgbo kan wá láti Ìgbẹ́tì, ó ní ọ̀bẹ kì í kan jẹjẹrẹ, pé bí ọ̀bẹ bá kàn án yóò bínú, yóò sì tàn ká. Ẹlòmíràn gbé omi hàntú wá, èyí tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Wọ́n jókòó yí mi ká, wọ́n ní bí mo bá jẹ́ kí wọ́n gé ọmú mi, ààbọ̀ obìnrin ni n ó gbé padà wálé. Mo mu hàntú, torí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni, kò sì dí mi lọ́wọ́ ilé ìwòsàn. Mo da àgbo sẹ́yìn ilé, koríko kò sì hù níbẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ní ti owó, òwú tó wà nílẹ̀ lọ, ilẹ̀ tí ọkọ mi fẹ́ kọ́lé sí náà lọ. Kò fi bú mi rí títí di òní, bẹ́ẹ̀ n kò lè wo apá ibi tí ilẹ̀ náà wà bí a bá ń kọjá.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n tẹ́ mi sórí tábìlì tóóró kan. Aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n dà bò mí. Àwọn tó dúró yí mi ká ti bo ẹnu àti imú, ojú wọn nìkan ni mò ń rí, ọ̀kan ń fi omi tútù nu àyà mi. Mo mọ ibẹ̀. Mo ti dúró síbi tí wọ́n dúró sí ní àìmọye ìgbà, n kò tíì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí ni. Mo dì mọ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lápá òsì mi, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ bá rí, ẹ sọ ọ́ fún mi." Ó ní, "A ó sọ fún yín, ìyá." Ibẹ̀ ni oorun gbé mi lọ.

Wọ́n gé ọmú náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ń fà sí mi lára láti inú ike. N kò ní tàn ọ́, oògùn yẹn le. Irun mi re, èékánná mi dúdú, oúnjẹ di erùpẹ̀ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó kan ni ó máa ń gbóná janjan, lẹ́yìn náà ara á tún rọ̀. Ọjọ́ kan láàárín rẹ̀ ni àlùfáà mọ́ṣáláṣí wa wá kí mi. Ó ń ṣàdúrà fún mi, mo dá àdúrà náà dúró. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Ìyá Wàídì àti ti àbúrò mi. Mo ní àmánà ni mo pa mọ́, kí ló wá dé tí ó rí báyìí lára mi?

Ó ní, "Ìyá Mọ́rúfù, àléébù ni wọ́n ní ká bò. Bí ẹ bá wẹ òkú ẹni tí ejò ṣán lórí ẹní rẹ̀, ṣé ẹ ò ní sọ fún àwọn ará ilé pé ejò wà nínú yàrá?"

Mo ní, "Ṣé àbúrò mi yóò dárí jì mí?"

Ó ní, "N ò mọ̀. Ibi tó wà báyìí, ẹ ò lè dé ibẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ wà ní Ṣakí, Ṣakí kò jìnnà."

N kò lọ sí Ṣakí. Mo wí pé ara mi kò tíì yá. Básírátù ló wá fúnra rẹ̀. Ó wá tọ́jú mi fún ọ̀sẹ̀ kan, torí n kò lè gbé apá ọ̀tún mi sókè. Ó gbé mi jókòó sórí àpótí nínú ilé ìwẹ̀, ó ń bu omi sí mi lára díẹ̀díẹ̀, ó rọra ń fọ ibi tí wọ́n gé. Ó ní, "Màmá Ìsẹ́yìn, nígbà tí ẹ wẹ ìyá mi, ṣé ó ní irú èyí?"

Ọṣẹ wà lójú mi. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, láì la ojú. Mo sọ ohun tí mo rí lára ìyá rẹ̀, mo sọ yàrá òwú, mo sọ ìbéèrè tó bi mí àti èsì tí mo fún un, mo sọ òrí. Nígbà tí mo dákẹ́, n kò gbọ́ ìró omi mọ́. Ó gbé igbá sílẹ̀, ó fi aṣọ ìnura lé mi léjìká, ó sì jáde. Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ó ti wọ ọkọ̀ lọ. Kò pè mí fún oṣù mẹ́ta, n kò sì ní ẹnu láti pè é.

Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ ṣe Iléyá ni ó yọ sí mi. Kò kúnlẹ̀ dáadáa bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Mo lọ fi ara mi han dókítà. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọn ò rí nǹkan. Wọ́n ní kí n máa padà wá lọ́dọọdún, nítorí ìyá mi."

Mo bú sẹ́kún. Ó dúró títí mo fi dákẹ́, ó wá ní, "N ò tíì dárí jì yín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀."

Mo ní mo mọ̀.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tí wọ́n ti gé ọmú mi. Wọ́n ṣì ń yẹ̀ mí wò, wọn ò tíì rí i kó padà. Apá mi máa ń wú bí mo bá ru ẹrù òwú tó wúwo, nítorí náà mo ti yé rù ú. Mo ṣì ń wẹ òkú. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí irú ohun tí mo wí yìí, mo máa ń pe àwọn ọmọ òkú lóbìnrin àti àwọn àbúrò rẹ̀ wọ yàrá, mo ń sọ ọ́ fún wọn nìkan, mo sì ń fi àpá mi hàn wọ́n. Ilé méjì kò pè mí mọ́. Obìnrin kan pè mí ní ẹlẹ́nu bí àgbá lójú ọjà. Mo gbà. Ìwọ tí ò ń ka èyí, má dúró títí yóò fi dùn ọ́, kì í tètè dunni. Má mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn rẹ nìkan, torí ẹni tó fẹ́ràn rẹ lè bẹ̀rù ju ìwọ alára lọ. Mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé ìwòsàn.

Ẹ̀rù ikú kò bà mí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìpàdé. Mo mọ̀ pé Mùlíkátù yóò béèrè, mo sì ti ń ṣe ìdáhùn mi láti ayé níhìn-ín, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá àwọn olókùú.

Lóṣù tó kọjá, Básírátù wá pé kí n kọ́ òun ní òkú wíwẹ̀. Mo kọ́ ọ. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ọwọ́ rẹ̀ tutù, kò sì bẹ̀rù. Nígbà tí a ń fọ igbá lẹ́yìn tí a ṣe tán, ó ní, "Bí ọjọ́ yín bá pé, èmi ni n ó wẹ̀ yín."

Mo rò pé ìdáríjì ló dé yẹn.

Ó da omi igbá nù, ó ní, "Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá rí lára yín, n ó sọ ọ́."

Mo ní, "Sọ ọ́ sókè. N ó máa gbọ́ ọ."